Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè Tó Fòfin De Orúnkún

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí oyè ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lọ kí n tó kà á parí. Òun ni Ọ̀gbẹ́ni Johnson Akíntóyè, Adelé Alábòójútó Àgbà fún Ìmúrasílẹ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ìwé Gíráámà fún Iṣẹ́, Ìgbé Ayé Àgbà àti Ohun Gbogbo Tó Bá Fara Pẹ́ Ẹ. Àkúrẹ́ ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí n kò ní júwe. Ẹni tó bá ń ka oyè náà níbi ayẹyẹ máa ń mu omi lẹ́ẹ̀kan kó tó kà á dé ìdajì.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè kórìíra, ìyẹn "Adelé." Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń retí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìyáàfin Olúrántí, ọ̀gá tó ga ju gbogbo wọn lọ, nìkan ló lè yọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà kan tí kò ju ojú ewé kan lọ.

Láràárọ̀, kí mọ́tò rẹ̀ tó yà wọ ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀. Ẹnì kan á gba báàgì, ẹnì kejì á gba ìwé ìròyìn, ẹnì kẹta á gba gíláàsì ojú, ọ̀gá á wá máa gun àtẹ̀gùn lọ láìgbé nǹkan kan àfi ikùn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé, olùyẹ̀wò àgbà, ló máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ pé "Òótọ́ ni, sà" nígbà tí ọ̀gá bá parí ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń sọ ọ́ kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀, kí àkókò má baà ṣòfò.

Ẹ má rò pé àwọn nìkan ni mo ń fi ṣẹ̀sín o. Èmi tí mò ń kọ èyí fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní SS2, mo sì sọ fún ìyá mi nígbà náà pé mo ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ mi. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń wá ibi tí mo gbé ìmọ̀ náà sí. Nítorí náà, bí mo bá ń rẹ́rìn-ín òmùgọ̀, ẹ mọ̀ pé inú ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Òun sọ pé òkè òkun ni. Àwọn tí wọ́n jọ lọ sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àbújá ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní yàrá náà tutù gan-an, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ yé mi. Níbẹ̀ ni òyìnbó kan ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá lọ ṣe ìntáfíù gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó wo agbanisíṣẹ́ lójú, kó nawọ́ sí i, kó sì pè é lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, oúnjẹ ọ̀sán ló sì tẹ̀ lé e. Gbogbo àwọn yòókù gbàgbé ọ̀rọ̀ náà sídìí ẹran adìyẹ. Akíntóyè nìkan ni kò gbàgbé.

Nígbà tó padà dé, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó sì dìde pẹ̀lú kóòtù onípele mẹ́ta tí òógùn ti rin gbingbin.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó wí, "mo ti wádìí ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ríṣẹ́ tí wọ́n bá jáde ilé-ìwé. Kì í ṣe iná mànàmáná. Kì í ṣe pé kò síṣẹ́. Orúnkún ni. Gbogbo ayé ń nawọ́ síra wọn, àwa ń kúnlẹ̀. Báwo ni agbanisíṣẹ́ ṣe fẹ́ rí ọmọ tó wà nílẹ̀? Láti òní lọ, mo fòfin de orúnkún ní gbogbo ilé-ìwé tó wà lábẹ́ mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ayọ̀kúnlé sunkún díẹ̀. Akọ̀wé gbé ìwé òfin náà wá kí ọ̀gá buwọ́ lù ú, ó sì kúnlẹ̀ kó tó fi lé e lọ́wọ́.

Òfin ọ̀hún kò ní dídíjú nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ SS3 kankan kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ mọ́. Kò gbọdọ̀ sọ "sà" tàbí "mà." Tó bá rí àgbà, kó dúró gbọnyin, kó wo ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méje, kó nawọ́, kó dárúkọ ẹni náà, kó sì sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ayọ̀kúnlé ni yóò máa yí ká láti dán wọn wò, pẹ̀lú aago kan fún ojú àti rúlà onígi kan fún orúnkún. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ bá tẹ̀ kò ní gba tẹsitimóníà, ìyẹn ìwé tí ilé-ìwé fi ń jẹ́rìí pé lóòótọ́ lọmọ parí. Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè ní òun fúnra òun ni òun yóò máa buwọ́ lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìlú gbóná. Ní Ìgbàrà-Òkè, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stephen nawọ́ sí bàbá rẹ̀ láàárọ̀. Bàbá wo ọwọ́ náà, ó fi ọkọ́ sí i, ó sì tọ́ka sí àwọn ebè tó kù. Ní Oǹdó, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar wọlé, ó sì pe ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìbídùnní. Màmá yára jẹ́, ó ń wo ojú ọ̀nà, torí láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó rí i pé Peculiar ni, ó ní kó lọ béèrè oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́ ìjọba.

Èmi náà gba ìdánwò yẹn. Ọ̀rẹ́ mi Àbdùlláhì ń ṣàìsàn lọ́jọ́ tí Ayọ̀kúnlé dé ilé-ìwé wọn ní Oǹdó, ni mo bá wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Mo wo Ayọ̀kúnlé lójú, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo pè é ní Ayọ̀, mo sì sọ fún un pé mo lè darí báńkì. Máàkì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló fún mi. Ó ní nínú gbogbo ọmọ tí òun ti rí, èmi ni mo ṣetán fún ayé jù. Èmi tí ìyá mi kì í fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Gbogbo ẹnu mi ni mo fi ṣọpẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wá dùn jù ni Moríyọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní SS3 ní ilé-ìwé yẹn kan náà, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò sì mọ ẹni tó mọ̀wé jù ú lọ. Láti kékeré ló ti ń tú rédíò tó bàjẹ́ ní àdúgbò, tó ń tò ó padà. Obìnrin kan wà ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn Ọjà Ọba, tó ń jẹ́ Nímọ́tà, tó máa ń gbé iná sólà sórí òrùlé àwọn ènìyàn. Lọ́dọọdún, ó máa ń gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, ó ń kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń fún wọn lówó mọ́tò. Moríyọ̀ ti lọ bá a, obìnrin náà ti dán an wò, ó sì fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀. Ó kan ní kó mú tẹsitimóníà wá kí òun tó kọ orúkọ rẹ̀, torí ọmọ kan tí kò parí ìwé ti ka nọ́ńbà ara wáyà sódì lọ́dọ̀ òun rí, òrùlé onílé sì jóná. Aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni yóò pa ìwé orúkọ dé. (Èmi náà ti débẹ̀ rí. Obìnrin náà bi mí ní tẹsitimóníà, mo bi í bóyá ó ní omi tútù.)

Nítorí náà, Moríyọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ló tọ́ ọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ sókè, orúnkún rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, kò sì sí bó ṣe fẹ́ dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ayọ̀kúnlé dán an wò, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Olùyẹ̀wò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò tíì lajú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Moríyọ̀ wọ mọ́tò àkọ́kọ́ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ láti lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè fúnra rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó dúró títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n ní kó wọlé, orúnkún rẹ̀ ti dé ilẹ̀ kó tó rántí òfin.

Inú bí ọ̀gá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, láti orí àga aláwọ̀ rẹ̀, ohun tí orúnkún ti fi ojú àwọn baba ńlá wa rí. Ó sọ̀rọ̀ nípa Japan. Ó sọ̀rọ̀ nípa bí òun ṣe bọ òyìnbó lọ́wọ́ láìgbọ̀n. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ẹsẹ̀ ọmọ náà kú tipiri, ó sì fẹ́ rọra dìde.

"Ta ló ní kí o dìde?" Akíntóyè bi í. "Àgbà ń bá ẹ sọ̀rọ̀, o fẹ́ dìde dúró lé e lórí?"

Moríyọ̀ padà sílẹ̀.

"Ayọ̀kúnlé, níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?"

"Ẹ bá a dé ibi tí ẹ ti ń sọ pé kíkúnlẹ̀ ló ń ba ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ jẹ́, sà."

"Ẹn-ẹ́n." Ó tún tẹ̀ síwájú fún ogún ìṣẹ́jú mìíràn.

Níkẹyìn, ó ní òun yóò ṣàánú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ayẹyẹ Ọjọ́ Iṣẹ́ ní ilé-ìwé wọn ní Oǹdó, Ìyáàfin Olúrántí fúnra rẹ̀ ń bọ̀, lẹ́tà tó máa yọ "Adelé" sì wà nínú báàgì rẹ̀. Òun fẹ́ kí ó rí iṣẹ́ tí òun ti ṣe. Òun yóò pe Moríyọ̀ jáde níwájú gbogbo ènìyàn, ọmọ tí kò lè ṣe é tẹ́lẹ̀.

"Ẹni àkọ́kọ́ tó bá jókòó nídìí tábìlì àlejò," ó wí, "ẹni yòówù kó jẹ́, òun ni kí o nawọ́ sí. Pè é lórúkọ. Tí orúnkún rẹ bá tẹ̀, tẹsitimóníà rẹ di ọdún tó ń bọ̀. Tó bá dúró, màá buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀."

Moríyọ̀ ní ó yé òun, ó dúpẹ́, ó sì fi ògiri gbéra ńlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó so igi mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì lábẹ́ yẹ̀rì, ó sì ń rìn yí àgbàlá ká, ó ń pe ìyá àgbà rẹ̀ lórúkọ níṣojú ìyá náà fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà ní òun ti dárí jì í ṣáájú, kó ṣáà má jẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé ètò. Aago kan kọjá kí Ìyáàfin Olúrántí tó dé, torí ọ̀nà. Orí àga àkọ́kọ́ ni wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́, àga gíga kan tó kọjú sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, ó ní òun ń bá wọn ṣọ́ ọ ni. Nígbà tí obìnrin náà wọlé, ọ̀gá dìde ìdajì, ó tún jókòó padà. Ìyáàfin Olúrántí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ sórí àga kejì. Kì í fẹ́ wàhálà.

Èmi náà wà ní gbọ̀ngàn, nínú yunifọ́ọ̀mù Àbdùlláhì. Èmi kò wá fún ọjọ́ iwájú mi. Ìrẹsì tí mo gbóòórùn láti ojú títì ló mú mi wọlé.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní ìran kan wà ṣáájú òun, ìran kan sì wà lẹ́yìn òun, òun sì ni ìlẹ̀kùn. A pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ti tọ́ orúnkún ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ. A tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tó fi máa pe Moríyọ̀, aago méjì ti kọjá, ọ̀nà Àkúrẹ́ sì tó wákàtí kan tí kò bá sí ìdádúró.

Moríyọ̀ jáde wá. Ó wo tábìlì àlejò. Ọ̀gá ń fi ojú júwe Ìyáàfin Olúrántí fún un, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí eruku wọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ní kó lọ bá, kò sì ní fi ìwé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ó rìn lọ tààrà síwájú àga àkọ́kọ́, ó dúró gbọnyin, ó wo Akíntóyè lójú, ó sì nawọ́.

"Johnson," ó wí. "Moríyọ̀ ni mí. Mo mọ rédíò ún tún ṣe, mo mọ wáyà ún fà. Mo wá gba tẹsitimóníà mi."

Ayọ̀kúnlé, tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbàgbé ara rẹ̀. "Méje pé," ó sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Orúnkún dúró. Ó yege, sà."

Ojú ọ̀gá pọ́n. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ọwọ́ rẹ̀ náà ṣì wà ní títàn.

"Ta lò ń pè ní Johnson? Bàbá tó bí ẹ lọ́mọ tó mi ni? Kúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ ní tí orúnkún mi bá tẹ̀, ẹ ò ní buwọ́ lù ú," Moríyọ̀ dáhùn. Kò pariwo.

"Mo ní kúnlẹ̀. Ohun tí mo kọ́ yín, ẹlòmíràn lẹ máa lọ ṣe é fún."

Níbi tó ti yẹ kí n fara pa mọ́, torí n kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé yẹn, ni mo ti dìde lẹ́yìn, tí mo na ọwọ́ mi jáde, tí mo sì kígbe pé, "Johnson, báwo ni?" Mo jẹ́wọ́, ẹnu yìí ló lé mi kúrò nílé-ìwé níjọ́sí. Peculiar, ọmọ tó pe ìyá ìyá rẹ̀ lórúkọ, dìde tẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn náà gbogbo SS3 dìde, ọgọ́fà ọwọ́ nà síwájú, wọ́n ń wo ọ̀gá lójú. Ó pàṣẹ kí gbogbo wa kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀. Ó ti kọ́ wa dáadáa.

Ìyáàfin Olúrántí ló dìde. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọ̀gá, ó yí sí i, ó gbé báàgì kọ́ apá, ó sì na ọwọ́ apá yẹn gan-an sí i.

"Johnson," ó wí, "ó tó. Bọ̀ mí lọ́wọ́ ká jọ parí ètò yìí."

Akíntóyè wo ọwọ́ náà, ó wo báàgì. Ó dìde. Gbogbo wa rí i bó ṣe ń gbìyànjú láti dúró ṣánṣán. Èjìká rẹ̀ dúró, ọrùn rẹ̀ dúró, táì rẹ̀ náà dúró. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ọ̀hún wà nínú báàgì yẹn, ara rẹ̀ kò sì bá a dúró. Ó wó lulẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù onípele mẹ́ta, àyà rẹ̀ kan símẹ́ǹtì.

"Mà, ẹ̀yin ni ìyá wa," ó ń sọ sí ilẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ni wá, mà."

Ọwọ́ Ìyáàfin Olúrántí ṣì wà lókè. Ó wò ó títí, bí ẹni tó ń wo mọ́tò tí wọ́n fẹ́ tà fún un.

"Ohun tí ìwọ kò lè ṣe," ó wí, "lo fi ń di ìwé àwọn ọmọ yìí mú?" Ó yí sí Moríyọ̀. "Ìwé rẹ dà?"

Moríyọ̀ tẹ́ tẹsitimóníà sílẹ̀ níwájú imú ọ̀gá, ẹnì kan ju bírò síbẹ̀, Akíntóyè sì buwọ́ lù ú láti ibi tó wà. Ọ̀gá ilé-ìwé sáré kó ti àwọn yòókù wá, wọ́n ń tì í sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn, ẹni náà ló máa ní kó dìde. Ìyáàfin Olúrántí kò sọ ọ́. Ó mú Moríyọ̀ lọ́wọ́, ó ní kí dẹ́rẹ́bà òun gbé e dé gáréèjì kíákíá, òun náà sì jáde tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti lẹ́tà inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè ṣe wà nílẹ̀. Kò lè dìde fúnra rẹ̀, torí àfojúdi ni. Kò sẹ́ni tó lè gbé e dìde, torí ta ni wá? Olótùú ètò wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú. Wọ́n kọ orin, wọ́n fún ẹnì kan ní ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wáyé, ọ̀gá sì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé àwo ìrẹsì mi kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kí i pé ó kú ìsinmi. Ayọ̀kúnlé, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní òótọ́ ni.

Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi gbé e lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, pé kó máa bójú tó àwọn àga ilé-ìwé tó ti kán. Ẹnì kan tó rí i níbẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó ń nawọ́ sí i.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Moríyọ̀ sáré dé ṣọ́ọ̀bù Nímọ́tà. Obìnrin náà ti ṣí ìwé ńlá rẹ̀, orúkọ mẹ́ta wà níbẹ̀. Ó gba tẹsitimóníà, ó gbọn eruku kúrò lára rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n buwọ́ lù ló ti dúró. Àmì náà wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó gun orí ìlà, ó fẹ́ jáde nínú ìwé.

"Ẹni tó buwọ́ lu èyí," Nímọ́tà bi í, "ṣé ó sùn nígbà tó ń ṣe é ni?"

"Rárá, mà," Moríyọ̀ dáhùn. "Ó dọ̀bálẹ̀ ni."

Nímọ́tà fa ìwé ńlá náà mọ́ra, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kẹrin.